Àlejò Ìgbà Ooru

Ní Peckham, kì í ṣe kàlẹ́ńdà ló ń sọ pé ìgbà ooru ti dé. Bí ẹ bá ti rí àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ nínú ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n ń wá ọ̀nà lórí fóònù, tí wọ́n wá mu ọtí lórí òrùlé ilé ìgbọ́kọ̀sí bí ẹni tó wá sétí òkun, ó ti dé nìyẹn. Àwọn tó ti ń gbé àdúgbò náà tipẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ibi ìgbafẹ́ làwọn ń gbé.

Sherifat nìkan ló gbọ́n. Ó ní ilé oúnjẹ kékeré kan lẹ́bàá Rye Lane, níbi tí àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì àtàwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ti ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà látọjọ́ tó ti ṣí i. Nígbà tí oòrùn kọ́kọ́ ràn, ó kó àwọn tábìlì àtijọ́ dànù, ó ra àga gíga, ó wá ń bu ẹ̀wà sínú abọ́ tí kò lè yó ológbò, ó sì fi òdòdó lé e lórí. Àwọn òyìnbó ń ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn yà á tán, wọn ò jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ti mọ́ṣáláṣí dé bí ìṣe wọn. Uncle Ṣàmsúdéènì ló ṣáájú, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó bá a gbé fíríìjì àkọ́kọ́ wọlé, tí kò gbà ju "ẹ ṣé" lọ. Sherifat kúnlẹ̀ kí wọn, kò kúkú ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́.

"Uncle, ẹ má bínú, we're fully booked. Àti pé, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ máa ń pariwo. It's not the vibe."

Uncle ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run bù sí i, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Inú Sherifat dùn pé bàbá náà ò bínú. Ẹni tó bá rò pé àgbà Yorùbá tó ṣàdúrà tó sì bá tirẹ̀ lọ kò bínú, ibo ló dàgbà sí?

Ìgbà ìwọ́wé dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bó ti máa ń ṣe. Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀, ewé kún ojú títì, wọ́n ti ilẹ̀kùn orí òrùlé, àwọn òyìnbó sì pòórá. Àwọn tó ti búra pé kò síbi táwọn fẹ́ràn tó ilé oúnjẹ Sherifat ní gbogbo London kò tún gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Sherifat ti da tirẹ̀ sórí òdòdó. Ẹ̀rù bà á. Ó mọ̀ pé bí àwọn ti àtijọ́ ò bá padà, ṣọ́ọ̀bù náà ò ní rí Kérésì.

Ó se ìkòkò ẹ̀wà gidi kan, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn Uncle ní Old Kent Road lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Òórùn oúnjẹ ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin náà ti ń dáná fúnra wọn níbẹ̀ látọjọ́ tó ti dá wọn padà, Uncle Ṣàmsúdéènì gan-an ló di ṣíbí mú. Kò sẹ́ni tó fajú ro, ìyẹn ló kọ́kọ́ já a láyà. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n bu oúnjẹ fún un títí abọ́ fi kún. Ó tọ́ ọ wò. Ó dùn, ó sì dùn ún dọ́kàn.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀. "Uncle, mo ti ṣàṣìṣe. Ẹ dákun, ẹ padà wá. Mo ti kó àwọn àga yẹn kúrò."

Uncle ní òun ti dárí jì í tipẹ́, kó dìde, ilẹ̀ tutù. Ó wá yíjú sí àwọn tó kù, ó nawọ́ sí abọ́ Sherifat.

"Ẹ fi ẹran kún tiwọn. Àlejò wa ni wọ́n." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Ẹ jẹun dáadáa, ma. Ìgbà wo lẹ ń padà sílé?"

Sherifat bojú wẹ̀yìn. Ìkòkò ẹ̀wà tó gbé wá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tó gbé e kalẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó ṣí i.