Ọkọ̀ Òfurufú Rọ̀bọ̀tọ̀

Nígbà tí wẹ́dà kan tí wọ́n ń pè ní Rọ̀bọ̀tọ̀ sọ pé òun máa fi ọwọ́ ara òun kan ọkọ̀ òfurufú, ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Télọ̀ ni obìnrin náà. Ó ní kí ọkọ òun ṣáà má tú ẹ̀rọ ìránṣọ òun wá ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyẹ́ ọkọ̀ ń fẹ́ aṣọ, òun náà ló jókòó tó rán an, tó ń kùn bí oyin.

Ìjókòó kan péré ni ọkọ̀ náà ní. Rọ̀bọ̀tọ̀ kò sì fi òfin rẹ̀ ṣeré. Ó mọ̀ pé irú ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fò lórí ìlú, kò gbọdọ̀ fò lálẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wà á láìgba láísẹ́ǹsì. Tó bá ń jẹun, òfin ló máa ń kà sí ìyàwó rẹ̀ létí. Ó sì ń jẹun gan-an.

Lọ́jọ́ tí olùyẹ̀wò dé láti ọ́fíìsì ọkọ̀ òfurufú, ó fa gbogbo wáyà, ó gbé ọkọ̀ sórí ìwọ̀n, ó ní ó dáa.

"Ó ku ẹ̀yin, sà. Ẹ gorí ìwọ̀n."

"Èmi kẹ̀? Ṣé èmi náà ń fò ni?"

"Òfin sọ bí ẹni tó máa wà á ṣe lè wúwo tó."

Òógùn bo Rọ̀bọ̀tọ̀. Nínú gbogbo òfin tó kà, ojú rẹ̀ ti fo èyí. Ó bọ́ bàtà, ó tú bẹ́líìtì, ó kó sípánà kúrò lápò, ó gorí ìwọ̀n, ó sé èémí.

"Ẹ máa mí, sà," ni olùyẹ̀wò wí. "Afẹ́fẹ́ kọ́ ló wúwo. Ẹ ti kọjá iye tí òfin fẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ìwọ̀n ọ̀gá má baà bàjẹ́." Òun náà fi ẹ̀fẹ̀ gùn ún. Olùyẹ̀wò tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ìwọ̀n.

"Ìyá, ẹ̀yin gan-an ni ọkọ̀ yìí bá mu. Tí ẹ bá kọ́ ọ, tí ẹ yege, ẹ máa gba láísẹ́ǹsì."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu obìnrin náà. Ó fọwọ́ pa ìyẹ́ tó rán. "Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?"

Rọ̀bọ̀tọ̀ bínú. Ó ní òun máa fọn, òun ò ní jẹun alẹ́ mọ́. Àfi bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ká a mọ́ ẹ̀yìn sílíńdà gáàsì pẹ̀lú odidi búrẹ́dì. Ó wá gba kámú. Òun ló ń bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè òfin tí ìyẹn bá ń lọ aṣọ.

Obìnrin náà yege. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá fò, Rọ̀bọ̀tọ̀ dúró létí pápá. Ọkọ̀ sáré, ó gbéra nílẹ̀ bí ewé.

"Rọra o! Rọra o!" Ó ń sáré tẹ̀lé e, bí ẹni pé ẹni tó wà lókè lè gbọ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ìlara ni. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó yí pápá ká, ó ti ń pariwo fún gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ìyàwó mi nìyẹn! Èmi ni mo jó irin ẹ̀!"

Obìnrin náà balẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ṣí akoto.

"Ṣé kò sí wàhálà?" ni ọkọ rẹ̀ bi í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kò sí o. Mo kàn rí òrùlé wa lọ́ọ̀ọ́kán ni. Ihò tí ẹ ní ẹ ti dí, ó ṣì lanu síbẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Rọ̀bọ̀tọ̀ ti wà lórí àkàsọ̀, ó mú páànù lọ́wọ́.