Fídíò Tí Ìyá Kò Gbọdọ̀ Wò

Mopélọ́lá ń lọ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí Akínlàbí ọmọ rẹ̀, tí àwọn ṣọ́jà yìnbọn pa lójú títì ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, wọlé tí ó ní ebi ń pa òun. Ọ̀sán gangan ni. Kò ya ìyá lẹ́nu. Ohun tí ó bí i nínú díẹ̀ ni pé ọmọ náà kò bọ́ bàtà kí ó tó tẹ orí aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká sílẹ̀. Ó bu ìrẹsì fún un, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Àlá ló ń lá; lójú àlá náà, ilé kò dúró sójú kan. Bí ó bá ti lọ aṣọ kan tán, ògiri á sún sẹ́yìn, yàrá á sì gùn sí i, títí tí tábìlì tí Akínlàbí ti ń jẹun fi di ohun tí ó ń wò lókèèrè. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Fóònù ń dún nínú gbogbo àpò ṣòkòtò tí àwọn oníbàárà kó wá. Èyí tí ó bá fẹ́ fà yọ, Àǹtí Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, á já a gbà, á sì kì í bọ abẹ́ ìró.

"Ìyàwó wa, má wò ó o. Èèwọ̀ ni kí ìyá rí òkú ọmọ ẹ̀, ìwọ náà mọ̀."

Gbogbo ayé ló ti rí fídíò ikú Akínlàbí tán, àfi òun. Obìnrin kan tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ló fi fóònù ya bí wọ́n ṣe yìnbọn, ó sì gbé e síta. Lọ́jọ́ kejì, fídíò náà ti dé àwọn ìlú tí Mopélọ́lá kò lè pe orúkọ wọn. Àwọn tí kò mọ Akínlàbí rí ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa nítorí rẹ̀, wọ́n lọ jókòó sójú títì. Ìjọba wá sọ lórí rédíò pé irọ́ ni, pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ti ya fídíò ọ̀hún, pé ẹnikẹ́ni kò kú. Ìdí nìyẹn tí èrò fi kún ojúde Mopélọ́lá. Wọ́n ń retí kí ó wò ó, kí ó sọ bóyá ọmọ rẹ̀ ni. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ ṣáá bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.

Ọkùnrin kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ìjọba ló rán òun. Kóòtù rẹ̀ rún wómúwómú, ọwọ́ sì ń yún Mopélọ́lá láti bá a lọ̀ ọ́.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí wọ́n ní ó kú ló ń jẹ ìrẹsì yìí. Ẹ ṣáà jáde, kí ẹ ní kì í ṣe òun ló wà nínú fídíò."

"Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Á máa gbé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn."

"Bí mo bá wá ní òun ni?"

Ọkùnrin náà wo àwo ìrẹsì.

Ó wu Mopélọ́lá kí ó parọ́. Ó wù ú débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà. Kí ló kàn án pẹ̀lú ìjọba? Kí wọ́n máa ṣe é lọ títí láé bí ó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga yẹn.

"Màámi," Akínlàbí ní, "mi ò yó."

Láti ìgbà tí ó ti wọlé ló ti ń jẹun, ìrẹsì kò dín, ikùn rẹ̀ kò sì kún.

"Kí ni kí n ṣe fún ẹ?"

"Ẹ wò mí."

"Mo ṣáà ń wò ẹ́."

"Kì í ṣe níbí."

Áyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ ìyá dá sí i. Ó ní òun ló lọ ẹ̀wù tí Akínlàbí wọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, òun sì jó o díẹ̀ lápá òsì, kí Mopélọ́lá jọ̀wọ́ kí ó má bínú.

Mopélọ́lá gba fóònù lọ́wọ́ Àǹtí Wúràọlá. Ìyẹn kò bá a jà, ó kàn di ojú ara rẹ̀. Fídíò náà kò tó ìṣẹ́jú kan, Mopélọ́lá sì wò ó dé òpin. Akínlàbí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ̀wù rẹ̀ ti jó díẹ̀ lápá òsì. Ó fi orúnkún kúnlẹ̀ kí ó tó dojú bolẹ̀, ó sì pe "Màámi" lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún un rí.

Ó jáde síta.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Wọ́n ti pa á. Àpá áyọ́ọ̀nù mi ló wà lára ẹ̀wù yẹn."

Kò bojú wẹ̀yìn, nítorí ó mọ̀ pé àga ti ṣófo. Ó dùn ún wọ eegun. Àwọn èèyàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fóònù wọn, wọ́n sì dojú kọ ọ̀nà ilé ìjọba. Ó tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà, ó ń sáré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń bọ́ láti inú fóònù kan sínú òmíràn, ó ti ṣíwájú rẹ̀ jìnnà, ó ń gba orí òrùlé kọjá. Àwọn ṣọ́jà ń nawọ́ sí i lófuurufú, ọwọ́ wọn kò bà á. Kí Mopélọ́lá tó dé géètì, ohùn náà ti wọlé, ó ti ń kan ìlẹ̀kùn yàrá olórí ìjọba.

"Ta nìyẹn?" ẹni tó wà nínú yàrá bèèrè.

"Ìyá Akínlàbí ni," ohùn náà dáhùn.