Ọkọ̀ Ìbejì Tí Gbádé Kọ́ ní Challenge

Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún ta ìkòkò amọ̀, etí rẹ̀ kì í ṣe etí lásán mọ́. Ẹ gbé ìkòkò síwájú mi, n ò ní wo ẹnu rẹ̀, n ò ní wo ìdí rẹ̀. Ìka ni màá fi kàn án. Bó bá dún kó, mo gbé e. Bó bá dún pò, ó ti sán nínú nìyẹn, ì báà máa dán bí ojú ìyàwó. Mo ní orin rẹ̀ tí mo máa ń kọ ní Dùgbẹ̀:

Kàn mí kí o tó rà mí, oníbàárà,
Ẹwà ò gbomi dúró,
Kàn mí kí o tó rà mí.

Ọmọkùnrin méjì ni mo bí. Ọlánípẹ̀kun ni ẹ̀gbọ́n. Ó ń bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó òṣìṣẹ́ lọ sójú òkun ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìgbì dojú ọkọ̀ wọn dé. Títí dòní a ò rí òkú rẹ̀ sin. Gbádégẹṣin, àbúrò rẹ̀, ò sunkún. Ó kàn sọ pé, "Màámi, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan ló pa á. Màá kọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Èmi fúnra mi ni màá sì kọ́kọ́ wà á dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi kú sí."

Challenge níbí, nínú ọgbà tó ti ń fi fáíbà ṣe táǹkì omi, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ní Ìbàdàn! Àwọn ará àdúgbò fi í ṣẹ̀sín: "Gbádé, ṣé odò Ògùnpa lò ń dúró dè kó tún kún ni?" Ikùn gígùn méjì ló ṣe, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì fi pèpéle de orí wọn pọ̀, kí omi lè máa gba àárín wọn kọjá. Bí ìgbì bá ti ọ̀kan, èkejì á dì í mú. Àwọn èèyàn bá sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé.

Sàláwù ló ń bá a ṣiṣẹ́, àgbà ọkùnrin ará Àpáta tó ti fi ogún ọdún kun mọ́tò kó tó wá sídìí fáíbà. Wọ́n á tẹ́ aṣọ fáíbà, wọ́n á da rẹ́sìnì lé e, omi kan tó ki bí oyin tó sì ń ta síni nímú. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ títí á fi mu ún, á gan, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn lé e. Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa ni. Dúrọ́ọ̀mù rẹ́sìnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, a ò sì mọ ibi tí òmíràn á gbà wọlé.

Ọkọ̀ parí lọ́jọ́ Tọ́sìdé kan. Tírélà ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Èkó láàárọ̀ Fúráìdé, Gbádé á sì wà á wọ òkun ní Sátidé. Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn lọ́sàn-án. Háà, ọkọ̀ náà funfun, ó ń dán! Mo jó yí i ká, mo ń fi ìka lù ú lára bí mo ṣe ń kọrin:

Táyé, gbọ́mọ mi lọ,
Kẹ́hìndé, gbé e bọ̀ wálé,
Ẹ má yara yín o, ẹ̀yin ìbejì.

Táyé ń gbè mí: kó, kó, kó. Mo kọjá sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé. Kó, kó. Mo dé iwájú nísàlẹ̀, níbi tí ìgbì á ti máa gbá a. Ó dún pò.

Orin kú mọ́ mi lẹ́nu.

Mo tún kàn án. Pò. Mo fọwọ́ wọ̀n ọ́n káàkiri, ó fẹ̀ tó àtẹ ẹlẹ́pà.

"Gbádé, Kẹ́hìndé ti sán."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, ìkòkò kọ́ lèyí o."

"Mo mọ̀ pé ìkòkò kọ́. Wá fetí sí i."

Ó wá, ó fetí sí i, ojú rẹ̀ yí díẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ kíá. "Atẹ́gùn díẹ̀ ló há síbẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan."

"Ṣé atẹ́gùn lo fẹ́ gùn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Màámi! Kò sí rẹ́sìnì mọ́. Bí mo bá la á báyìí, kí ni màá fi dí i? Ṣé itọ́?"

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí. Ó sáré gbé mi dìde, ó ní kí n má fi èpè sí òun lọ́rùn. Mo ní bó bá lọ, èmi náà á wọ̀ ọ́, kí òkun gbé àwa mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kò sáyè obìnrin nínú ọkọ̀ òun. Mo sunkún, mo bú u, mo pè é ní olóríkunkun bí bàbá rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀. Tírélà á dé kí n tó lajú. Mo ń rí Ọlánípẹ̀kun nínú omi bí ẹni ń na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo wẹ̀yìn tí mo rí i pé Sàláwù ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Sàláwù, kí lo ṣe?"

"N ò ṣe nǹkan kan, Màmá."

Mo lọ sílé kejì, mo yá ọmọ odó wọn, mo gbé e lé èjìká. Nígbà tí Gbádé rí mi, ó fi ẹ̀yìn ti Kẹ́hìndé, ó nawọ́ méjèèjì.

"Ẹ ó kọ́kọ́ lù mí pa."

"Yà fún mi, Gbádé! Yà!"

N ò lè lù ú, n ò sì lè sọ ọmọ odó sílẹ̀.

"Ọ̀gá," Sàláwù ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, "ẹ jẹ́ kí Màmá lù ú."

Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Rẹ́sìnì ò ní tó Kẹ́hìndé. Mo rí i pé kò ní tó. Nídìí mọ́tò, bí ọ̀dà bá ki tí kò tó, tínà la fi ń là á. Tínà ni mo fi là á. Wálláhì, mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

Gbádé gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Ó kọjú sí Kẹ́hìndé, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ odó sì wọlé ṣinrin. Ó fọwọ́ ya ihò náà fẹ̀. Aṣọ fáíbà inú rẹ̀ ń ṣí ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, ó gbẹ fúrúfúrú, kò lẹ̀ mọ́ra, tínà ò jẹ́ kí rẹ́sìnì gan.

Ó jókòó sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá sunkún, gbogbo ẹkún tí kò sun nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú.

"Kẹ́hìndé kú, Màámi."

"A ó gbẹ́ òmíràn," mo ní. "Bí ìbejì kan bá kú, ṣebí a máa ń gbẹ́ òmíràn."

Ó tó ọdún méjì kí bọ́dà tó ṣí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Sàláwù ló po gbogbo rẹ́sìnì, kò sì sí tínà kankan nínú ọgbà. Lọ́jọ́ tó parí, mo dé láàárọ̀ kùtù, mo kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn, mi ò fo àyè ọwọ́ kan, wọn ò sì jẹ́ kí tírélà sún mọ́ ọn títí mo fi ní ó tó.

Gbádé wà á lọ ní Sátidé. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló wọlé tọ̀ mí wá, iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Mi ò kí i. Mo fi ìka kàn án lórí.

Kó.