Porsche Cyprien ní Charbonnages

Àbúrò mi, Cyprien, kú ní Libreville, ní Gabon, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje, ọdún 1978. Ọkọ̀ tí kì í rìn ló pa á.

Owó epo rọ̀bì ló jẹ́ kó rí ọkọ̀ náà. Láyé ìgbà yẹn, òyìnbó tí mọ́tò rẹ̀ bá ti gbó á pa á tì, á ra tuntun. Cyprien, tó ń tún ara mọ́tò ṣe ní àdúgbò Charbonnages, rí Porsche àtijọ́ kan tó ti dógùn-ún, ó sì fi ọdún mẹ́rin tún un ṣe. N kò ní purọ́, ọkọ̀ náà dára. Pupa ni, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto. Nígbà tó ṣíná sí i, ìró rẹ̀ wọ̀ mí lára, mo gbàgbé ọjọ́ orí mi. Ó gbé mi dé etí òkun, ó gbé mi padà. Ìrìn kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà rìn nìyẹn.

Bí òjò bá ń rọ̀, Cyprien á ní omi yóò jẹ irin rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á ní eruku yóò ha ọ̀dà rẹ̀. Takisí ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Célestine, ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá Norbert," Célestine á wí, "ọmọ mẹ́rin lẹ bí, ọkọ̀ àga méjì lẹ tún ṣe. Ṣé orí òrùlé làwọn ọmọ máa jókòó sí ni?"

"Orí òrùlé kẹ̀? Ọ̀dà yẹn ò tíì gbẹ dáadáa!"

Ọ̀dà náà ti lé lọ́dún kan lára ọkọ̀.

Nígbà tó di oṣù keje, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo àwa ọmọ orílẹ̀-èdè Benin kúrò nílùú. Àwọn jàǹdùkú ti ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Mo bá Cyprien nínú gáràjì, ó ń nu dígí.

"Cyprien, ọkọ̀ òfurufú ń dúró. Ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ti wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa kó wọn lọ. Ariwo lásán ni, yóò rọlẹ̀."

"Bí kò bá rọlẹ̀ ńkọ́?"

"Tí mo bá lọ, ta ni yóò máa nù ún?"

"Ó dáa. Bí wọ́n bá dé, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀."

Ó ní òun á bẹ̀ wọ́n.

Benoît, ọmọ Gabon tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló ránṣẹ́ sí wa ní Porto-Novo. Ọjọ́ kejì tí a lọ ni àwọn jàǹdùkú náà dé. Wọ́n ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Cyprien dùbúlẹ̀ lé ọkọ̀ lórí. Igi ni wọ́n fi lù ú. Nígbà tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò jí. Nínú ìlú epo, kò sí ẹ̀kán bẹntiróòlù kan nínú rẹ̀. Wọ́n ti ọkọ̀ náà sí gọ́tà, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí: Célestine. Norbert, Agnès, Jeanne, àti Ayọ̀dé tí kò tíì máa rìn. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì lórí okùn. Ìrẹsì tó sè fúnra rẹ̀, tó ti bu díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀ òfurufú, níbi tí wọ́n ti pe orúkọ Cyprien títí kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn síbẹ̀.