Iye Wa Pé

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń kó èèyàn lọ wo àwọn ilé olódi orí òkè, tí mo sì ń kó wọn padà kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí mo bá kó lọ, n kì í fi í sílẹ̀. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi mọ orin tí mo máa ń kọ sí wọn létí: orí ni kí ẹ kà, ẹ má ka àga, bí orí bá ti pé, kí bọ́ọ̀sì máa lọ. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, orí pé.

Oṣù kọkànlá ni, ìgbà tí kùrukùru máa ń bo àwọn àfonífojì wa, tí àwọn ilé olódi á sì yọrí sókè lórí ìkùukùu. Èrò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo kó, bọ́ọ̀sì sì gba èèyàn márùndínláàádọ́ta. Nígbà tí a kúrò ní ilé olódi àkọ́kọ́, àwọn kan ń ráhùn pé àwọn ò rí ojú fèrèsé jókòó sí. Mo ní kí kálukú jókòó síbi tó bá wù ú. Òfin ilé-iṣẹ́ wa ni pé kí oníkálukú má kúrò lórí nọ́ńbà tiẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ìyá kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Nagamatsu Tomiyo. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, òun nìkan ló sì wá. Kóòtù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó mú ọ̀pá dání, ó sì ní àpò kékeré kan tó fi òwú hun, tí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán, tí bọ́ọ̀sì ń gun òkè lọ sí ilé olódi Kumoi, mo lọ bá a.

"Màmá, òkè Kumoi ga o. Bọ́ọ̀sì ò dé òkè tán. Ṣé ẹ ó lè fẹsẹ̀ gùn ún?"

"Kò séwu, ọmọ mi, kò séwu. Mo ti gùn ún nígbà tí ìyá ẹ ò tíì délé ọkọ."

Bàbá Iwakiri, dírẹ́bà wa, rẹ́rìn-ín nídìí ọkọ̀. "Màmá, ẹ rọra o. Wakae yìí ti ń sanra. Kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa fà á lọ́wọ́ gòkè!"

Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, èmi Wakae sì fi àsíá tí mo fi ń darí èrò gbá a léjìká. Ìyá náà wá ń sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ń tún òrùlé Kumoi ṣe, àwọn ọmọ iléèwé abúlé ìsàlẹ̀ òkè ló ru àwọn pẹlẹbẹ amọ̀ sísun tí wọ́n fi bo ilé náà gòkè. Méjì méjì ni wọ́n dì mọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ pẹlẹbẹ tó rù. "Tèmi wà ní ilé ìṣúra apá ìlà-oòrùn. Mo kàn fẹ́ lọ kí i kí n tó kú ni."

"Ó dáa, Màmá," ni mo wí. Aago ni mò ń wò. Ohun tó sọ wọ etí mi, kò dé ọkàn mi.

A dé Kumoi, mo ní kí gbogbo wọn padà sídìí bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́ta géérégé. Bí ó ti kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù ni kùrukùru tún gbéra láti ìsàlẹ̀, ó sì bo òkè náà pátá. Bí o bá na ọwọ́ rẹ, o ò ní rí ìka rẹ dáadáa. Àwọn èrò mi ń jáde nínú ẹ̀ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú," wọ́n ń tẹríba, wọ́n ń wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kà wọ́n. Ó ku ẹnì kan. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta. Mo gbé ohùn sókè, mo pariwo sínú kùrukùru. Ẹnì kan wá sáré jáde, ọkùnrin tó fi ìbòjú bo imú àti ẹnu, ó tẹríba fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó gòkè, ó lọ jókòó lẹ́yìn.

"Iye wa pé!" Mo ké e jáde lẹ́nu ọ̀nà, ohùn mi sì lọ sókè sínú òkè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Iwakiri ṣíná.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ dé ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀, a kọjá níwájú ibùdó rélùwéè. Mo rí i nínú dígí pé ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn fẹ́ dìde, ó wo ibùdó náà títí ó fi tán lójú ẹ̀, ó sì rọra padà jókòó. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

A ti fi Kumoi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín mánjù, àkàrà kékeré elẹ́wà dídùn tí ilé-iṣẹ́ máa ń fi ṣe sàráà fún èrò. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà nínú páálí. Mo pín in dé ẹ̀yìn, ó ku ẹyọ kan, mo nà án sí ọkùnrin náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wò ó, ó sì dìde dúró. Etí ẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ má bínú gan-an ni," ó wí. "Tatebe lorúkọ mi. Èmi... mo rò pé bọ́ọ̀sì tó ń gbéni lọ síbùdó rélùwéè nìyí. Kùrukùru ni ò jẹ́ kí n ríran. Ìgbà tí mo jókòó ni mo rí i pé gbogbo yín lẹ ní báàjì láyà. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń pàtẹ́wọ́, ọkọ̀ sì ti gbéra. Mi ò fẹ́ da àwọn ará láàmú."

Bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò ṣe ké sí wa!" "Bọ̀ọ̀dá ti jèrè ìrìn àjò ọ̀fẹ́!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ gbá itan. Bàbá Iwakiri nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ pàdé tèmi nínú dígí.

"Wakae," ó ní, "mélòó lo kà?"

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Bí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bá pé, tí ọkùnrin yìí sì wà nínú wọn, ẹnì kan nínú tèmi ṣì wà lórí òkè. Mo wo àga kan sí èkejì, mo sì rí àpò kékeré kan lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àpò tí wọ́n fi òwú hun.

"Ta ló ni àpò yìí?" Mo mọ ẹni tó ni ín. Mo kàn ń fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé irọ́ ni.

Ìyáàfin Obata, tó ti ń bó ọsàn fún ìyá náà láti àárọ̀, sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Ti Màmá Nagamatsu ni. Mo rí i pé wọn ò sí níbẹ̀ látìgbà tá a ti ṣí."

"Látìgbà tá a ti ṣí! Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ti sọ pé iye wa pé, Àǹtí. Mo rò pé bóyá ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí. Mi ò fẹ́ dójú tì yín níwájú èrò."

"Èmi náà rí i pé ọkùnrin yẹn ò ní báàjì," Bàbá Iwakiri wí. Kò yẹ iwájú lójú. "Mo ní kì í ṣe iṣẹ́ tèmi."

Ó wù mí kí n bú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bú? Èmi fúnra mi rí i pé ọkùnrin náà tẹríba jù. A ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́, mo ń fẹ́ kí iye pé, ó sì pé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì wa lọ́jọ́ náà, gbogbo wa la dákẹ́, ti ẹlòmíràn ló sì bá wa dákẹ́.

Mo pe ilé ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì Kumoi. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n ń ti géètì lásìkò òtútù. Mo pe àwọn panápaná, wọ́n ní ó di ogójì ìṣẹ́jú kí àwọn tó dé ibẹ̀, àti pé kùrukùru yẹn máa mú wọn falẹ̀. Bàbá Iwakiri kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti yí bọ́ọ̀sì padà níwájú ilé epo kan, ó sì ń sáré padà lọ sí Kumoi.

Ìyá náà ti gún abẹ́rẹ́ ẹ̀ kó tó jẹun ọ̀sán. Ìyẹn ni mò ń rò. Ó gún abẹ́rẹ́, ó gun òkè, kò tún rí nǹkan fi sẹ́nu, òtútù sì ń mú bọ̀. Mo rò pé ohun tó lè gbà á là wà nínú àpò tó wà lórí itan mi.

Bí a ti dé, mo gbá àpò náà mú, mo fò sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tatebe fò lé mi lẹ́yìn.

"Ẹ padà!" mo ní. "Ẹnì kan sọnù, ó ti tó."

"Ṣé ìyá tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé ni? Mo rí wọn. Nígbà tí mò ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n kọjá okùn tí wọ́n fi dínà ní apá ìlà-oòrùn."

Mo dúró. "Ẹ rí wọn tí wọ́n kọjá okùn, ẹ ò sì bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n kí mi, mo sì kí wọn." Ó wo bàtà ẹ̀. "Ọ̀nà ibẹ̀ pín sí mẹ́ta. Mo mọ èyí tí wọ́n gbà. Ẹ bú mi tá a bá dé òkè."

A fo géètì. Èmi, obìnrin tí wọ́n ní ó ń sanra, mo fo géètì. Àtẹ̀gùn òkúta yẹn ga, ó sì ń yọ̀. Mò ń pè, "Màmá Nagamatsu! Màmá Nagamatsu!" Kò sí ìdáhùn kankan. Ìmọ́lẹ̀ ti ń tán nínú kùrukùru náà. Nígbà tí a dé ibi okùn, Ọ̀gbẹ́ni Tatebe di apá mi mú gírígírí.

"Ẹ má sáré mọ́. Ọ̀gbun wà lápá òsì."

Mo rí ọ̀pá. Ó dùbúlẹ̀ létí ọ̀gbun náà, ìdajì ẹ̀ ti yọ síta. Mo kúnlẹ̀, mo na ojú sínú funfun yẹn, n ò rí ìsàlẹ̀. Mo gbọ́ igbe kan, ẹnu ara mi ló ti ń jáde. Mo ti pa ìyá oníyàá, mo ti pa ìyá ọlọ́mọ... mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ mọ́.

"Ẹ dákẹ́!" Ọ̀gbẹ́ni Tatebe wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbóhùn sókè nìyẹn. "Ẹ dákẹ́ ná, ẹ gbọ́."

Mo dákẹ́. Ohùn kan wá láti ọwọ́ ọ̀tún wa, tín-ín-rín: "Mo wà ńbí o. Ẹ má bínú."

Abẹ́ òrùlé ilé ìṣúra ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn, ètè ẹ̀ ti funfun, ọwọ́ ẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé kò lè di nǹkan mú. Mo tú àpò ẹ̀, abẹ́rẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ò sì wúlò fún wa nígbà yẹn. Ṣúgà ara ẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù, nǹkan dídùn ni mò ń wá. Ọ̀gbẹ́ni Tatebe ki ọwọ́ sínú àpò kóòtù, ó fa mánjù tí mo fún un yọ. Kò tíì tú u.

"Tiwọn ni," ó wí. "Mi ò lè jẹ ẹ́."

Mo ń bu ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa mọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fẹ́ tẹríba fún wa.

"Ẹ má bínú. Mo ti da gbogbo yín láàmú. Ọ̀pá mi bọ́, ìyẹn ni mi ò fi lè tètè..."

"Ẹ dákẹ́!" Mo pariwo mọ́ ìyá ọlọ́jọ́ lórí bẹ́ẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú mi. "Ẹ má bẹ̀ mí! Ẹ má tún bẹ̀ mí láéláé! Màmá, ṣé ẹ ò gbọ́ nígbà tí mò ń pè yín láago mẹ́ta ni? Kí ló dé tẹ́ ò ké sí mi?"

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ohùn máa ń gòkè dáadáa níbí. Mo ti fẹ́ dáhùn, mo sì gbọ́ tóo ní iye wa pé." Ó fọwọ́ nu ètè. "Mo ní, tí iye bá ti pé, a jẹ́ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bò ó.

Ọ̀gbẹ́ni Tatebe bẹ̀rẹ̀, ó gbé e pọ̀n. Bí a ti ń lọ, ìyá náà gbójú sókè wo òrùlé. "Ẹ ò lè rí orúkọ mi," ó wí, "abẹ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀."

Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, àwọn panápaná ti dé, wọ́n ti yẹ ìyá náà wò, wọ́n ní ó lè bá wa lọ. Gbogbo èrò dìde dúró, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mi ò ka orí. Mo mú ìwé orúkọ, mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ní ẹni tí mi ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀, a ò ní ṣí. Wọ́n ń dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Nagamatsu Tomiyo."

"MO WÀ ŃBÍ!" Ó ké e bí ọmọ iléèwé. Bàbá Iwakiri ta gìrì nídìí ọkọ̀.

Mo pa ìwé dé. "Ta ló kù tí mi ò pè?"

Mo dúró, mi ò kánjú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ kan tó gòkè lẹ́yìn.

"Èmi," ni Ọ̀gbẹ́ni Tatebe wí, ohùn ẹ̀ sì ròkè dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó rélùwéè."