Sùtánà Pẹ̀lú Bàtà

Ojú títì kì í báni gbé àìsàn, àmọ́ ẹ bá mi sọ ọ́ fún Jàfárù. Látìgbà tí wọ́n ti ṣàlàyé fún wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé oògùn kan wà tí èèyàn lè máa lò kí kòkòrò HIV má baà ráyè wọlé sí i lára, ló ti pinnu pé òun máa gbà á. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn ìjọba kan n'Ígàndó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu géètì ni Àǹtí Àdíját, àbúrò bàbá ẹ̀, ti ń ta búrẹ́dì. Bí àǹtí yìí bá rí i, tó lọ rò pé àìsàn ti wà lára ẹ̀, kó tó dọ̀sán wọn á ti máa kí i ní pẹ̀lẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wọn.

Ni Báyọ̀dé, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, bá yá a ní sùtánà.

"Gbé e wọ̀ jàre. Ta ló máa wá ọmọ Àlájì nínú aṣọ Aládùúrà?"

Jàfárù wọ̀ ọ́, ó fi ìbòmú bojú, ó ki ẹsẹ̀ bọ kánfáàsì pupa. Ó ń yan lọ bí ẹni ń lọ Jerúsálẹ́mù. Àǹtí ò tiẹ̀ wò ó. Ó kù díẹ̀ kó wọ géètì ni ìyá kan tó ń ra búrẹ́dì, tóun náà wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán, figbe ta.

"Ìwọ ọmọ yìí! Sùtánà pẹ̀lú bàtà? Ìjọ wo nìyẹn?"

Jàfárù wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Báyọ̀dé ò sọ eléyìí fún un. Báyọ̀dé ò mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún.

"Ẹ... ẹ má bínú, mà."

Ohùn yẹn ló tú àṣírí ẹ̀. Àǹtí Àdíját fò dìde, ó já ìbòmú bọ́.

"Jàfárù! Mo gbé! O ti fi ẹ̀sìn sílẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ fà á lọ, ìyá yìí?"

"Èmi kọ́ o! Ọmọ tí ò mọ sùtánà wọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Àǹtí ti gbé fóònù, bàbá Jàfárù ló ń pè.

"Àǹtí, ẹ má pè é! Mi ò ṣe Aládùúrà! Oògùn tí kì í jẹ́ kí HIV wọlé síni lára ni mo fẹ́ gbà. Mi ò ní in, mi ò sì fẹ́ ní in ni!"

Àǹtí gé ìpè náà, ó di àyà mú.

"Ó tán? Oògùn lásán? Alihamudulilaahi! Ọmọ yìí, o fẹ́ẹ́ pa mí! Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ilé ara ẹ̀, ṣé olè ni, tó fi ń fara pamọ́?"

"Mo rò pé ẹ máa ní mo ti kó o ni."

"Wọlé jàre! Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò, kó o sì máa lò ó bí wọ́n bá ṣe ní kó o lò ó. Má sì ju rọ́bà ìdáàbòbò nù o, àrùn yòókù ò tíì kú!"

Ìyá onísùtánà nàka sí kánfáàsì. "Kó mú ọ̀kan. Kó bọ́ bàtà, àbí kó bọ́ sùtánà."

Pátá nìkan ló wà lábẹ́ sùtánà. Jàfárù bọ́ bàtà.

Ìgbà tó fi máa jáde tòun ti oògùn ẹ̀, ọmọge kan tó fi híjáàbù bojú ń rìn lọ rìn bọ̀ lódìkejì títì. Àǹtí Àdíját sọdá lọ bá a, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kan tí Jàfárù ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹ̀ sọ pé:

"Ọmọ mi, wọlé. Wọn ò ní jẹ ẹ́ jẹ."