Ẹsẹ̀ Ọ̀nì Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, Olúfúnmiláyọ̀ ìyàwó mi kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n la fi jọ gbé.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ní ọ̀sán Sátidé kan, Adéríbigbé wá kan ilẹ̀kùn mi ní Ìgàndo. Òun ló ya fíìmù Ọ̀nì Inú Gọ́tà, èyí tí ìyàwó mi rán aṣọ ọ̀nì rẹ̀. Mubarakah tó ń ṣe irun ní ojúlé kejì sí wa tẹ̀ lé e. Ọ̀kan dọ̀bálẹ̀, èkejì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Dádì," Adéríbigbé ní. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aṣọ ọ̀nì yẹn la wá gbà. Ọjọ́ Ajé la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ apá kejì."

Mo ní aṣọ kankan ò ní í kúrò nílé yìí.

Aṣọ náà wà lórí háńgà níbi tí ìyàwó mi fi í sí. Àpò ráìsì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé ni, kéréètì ẹyin ló fi ṣe ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà òjò méjì ni, tó lẹ èékánná fóòmù mọ́. Òórùn ìpara ìyàwó mi ṣì wà lọ́rùn aṣọ náà. Mi ò sọ ìyẹn fún wọn.

"Dádì, ẹ ò tiẹ̀ tíì wo fíìmù náà rí," Mubarakah ní.

Òótọ́ ni. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí. Mo ní mi ò ní í fi ojú mi wo yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, kò bẹ̀ mí mọ́.

"Ṣé ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀?" mo bèèrè.

"Ohùn tí ọ̀nì fi ń bú ramúramù, Mọ́mì ni sà."

Mo ní kí wọ́n gbé fíìmù náà jáde. Bí mo bá wò ó tán, màá sọ bóyá wọ́n á gba aṣọ. Adéríbigbé gbé láptọ́ọ̀pù lé orí tábìlì.

Mi ò rí fíìmù tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀nì jáde láti inú gọ́tà, gọ́tà sì gbẹ. Síìpù hàn lẹ́yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Ewúrẹ́ kan sún mọ́ ọn, ó ń já kéréètì ìrù rẹ̀ jẹ. Ọ̀nì ta á nípàá, ewúrẹ́ tún padà. Ọ̀nì wá pa Mubarakah. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀, sóbò ni, mo rí ewé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, mo tún rí Mubarakah láàárín àwọn tó ń sunkún.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Dádì. Èèyàn ò pọ̀ tó. Mo pààrọ̀ gèlè ṣá."

"O wá ń sunkún ju gbogbo wọn lọ."

"Èmi ni ọ̀nì pa, Dádì! Ta ló yẹ kó dùn jù mí lọ?"

Ọ̀nì la ẹnu. Ohùn ìyàwó mi ló jáde. Igbe tó fi ń lé adìyẹ kúrò nídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀ gan-an ni. Mo di apá àga mú.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyàwó mi ló wọ aṣọ ọ̀nì náà?"

"Ara Mọ́mì fúnra wọn ni wọ́n fi wọn aṣọ náà, sà," Adéríbigbé ní. "Bọ̀dá tó yẹ kó ṣe ọ̀nì, orúnkún nìkan ló wọlé."

Àwọn èèyàn sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí ìyàwó mi ń lọ. Ìjọ wà nínú sùtànà, wọ́n ń pariwo. Ọ̀nì ń sáré bọ̀, ó ya ẹnu sílẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ó bọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó bọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà àwọn ìjọ, ó tún èyí tó wọ́ ṣe, ó dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọlé lọ jẹ wọ́n. Mo mọ gìgísẹ̀ méjèèjì dáadáa.

Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Áńgílíkà ni èmi, mo ń wọ tèmi. Nílé pàápàá, láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó ló ti ń ní kí n máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò bọ́ ọ rí.

"Mo sọ fún Mọ́mì pé ọ̀nì kì í bọ́ ẹsẹ̀, sà," Adéríbigbé ní. " Wọ́n ní ọ̀nì tó bá fẹ́ wọ ilé Ọlọ́run á bọ́ ọ, jàre."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ yà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bọ́ ọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi yọ awò ojú mi. Mubarakah rò pé ẹkún ni, ó ní, "Dádì, ẹ pẹ̀lẹ́." Mo ní kí wọ́n tún ibẹ̀ fi hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wò ó.

Lẹ́yìn náà mo lọ gbé aṣọ náà wá. Mo fi ẹsẹ̀ sílẹ̀.

"Dádì, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ò ní í kúrò nílé."

"Kí ni ọ̀nì máa fi rìn, sà?"

"Ẹsẹ̀ lásán. Ta ló máa wọ̀ ọ́?"

"Èmi ni," Mubarakah ní.

"Ṣé wọn ò ti pa ọ́ ni?"

"Wọ́n ti pa mí, Dádì. Ó ti kàn mí kí n máa pa àwọn tó kù."

Hope ọmọ wa ti ní kí n kọ ohun tí ìyá òun fi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Mo kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Maṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀kan.
Sùtànà funfun, mẹ́fà.
Téèpù ìwọnṣọ, ọ̀kan. Nọ́ńbà rẹ̀ ti parẹ́ dé ogún.
Ìpara, ìlàjì ike.
Fíìmù, ọ̀kan. Ó burú. Wò ó.
Aṣọ ọ̀nì, ọ̀kan. Ó wà lọ́wọ́ Adéríbigbé, yóò dá a padà.
Ẹsẹ̀ ọ̀nì, méjì, ọ̀tún àti òsì. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi.